Oògùn ẹ̀jẹ̀ àti oògùn HIV lálẹ́ kan náà ńkọ́?

Ẹ kú ilé o. Kétu ni mo wà, oyún oṣù mẹ́ta. Láti 2021 ni mo ti ń lo hóró oògùn HIV kan láago mẹ́sàn-án alẹ́: tenofovir, lamivudine àti dolutegravir nínú ọ̀kan ṣoṣo. N kò pa á jẹ rí.

Wọ́n wá fún mi ní oògùn ẹ̀jẹ̀, èyí tó ní irin (iron) tí wọ́n ń fún aboyún. Láàárọ̀, ṣe ni mo ń bì í sẹ́nu ọ̀nà, ni mo ṣe fẹ́ máa lò ó lálẹ́. Nọ́ọ̀sì ní kí n lo dolutegravir ní wákàtí méjì ṣáájú rẹ̀ tàbí mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, àfi tí mo bá fi oúnjẹ lo méjèèjì pọ̀. Ṣé ẹ̀kọ nìkan tó oúnjẹ?

Ìyá ọkọ mi tún ti gbé àgbo kaná. Ọkọ mi nìkan ló mọ àṣírí mi. Báwo ni mo ṣe máa kọ̀ ọ́?