Ẹ gbà mí o, ìtọ̀ mi dúdú bíi tíì tí ò ní mílíìkì

Ìyá Ìbejì Maraba: Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ojú ń tì mí ni mi ò ṣe tètè béèrè. Ó ti di ọjọ́ mẹ́ta báyìí, tí mo bá ń tọ̀ ó máa ń ta mí bí ata, ó dúdú, kò sì pọ̀, bí mo ṣe ń dìde báyìí ló tún ń ṣe mí bíi kí n padà. Maraba ni mò ń gbé, Wuse ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Nyanya, mi ò kí ń mu omi kí n tó jáde torí níbo ni n ó ti tọ̀ nínú mọ́tò? Ìyá kan ní ọ́fíìsì wá ní kíndìnrín mi ló ti ń daṣẹ́ sílẹ̀, pé kí n ra àgbo tó ń fọ kíndìnrín. Ṣé kí n rà á?

Nọ́ọ̀sì Kàdúná: Ẹ fowó yín sápò jàre. Ibo ló ń dùn yín gan-an, abẹ́ ìdodo àbí ẹ̀yìn?

Ìyá Ìbejì Maraba: Abẹ́ ìdodo ni. Ara mi ò gbóná.

Nọ́ọ̀sì Kàdúná: Ó dáa. Ẹ̀yìn lókè, níbi egungun ìhà, ni kíndìnrín méjèèjì wà, kò ju ìkúùkù lọ. Bí ẹ ṣe ń sẹ́ ògì ni wọ́n ń sẹ́ omi inú ẹ̀jẹ̀, bíi lítà 180 lójúmọ́, wọ́n á dá èyí tó pọ̀ jù lọ nínú ẹ̀ padà sára, lítà kan sí méjì ló ń di ìtọ̀. Tẹ́ ò bá wá mu omi nínú ooru Abuja yìí, wọ́n á há èyí tó wà nílẹ̀ mọ́wọ́, ìtọ̀ á ki, á dúdú. Iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń ṣe yẹn o! Àpò ìtọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ló jọ pé ó ń yọ yín lẹ́nu, òun náà ò gbà ju bíi píọ̀ wọ́tà kan lọ, ẹ̀ ń mú un mọ́ra láti Maraba dé Wuse.

Sístà Lugbe: Tọ́ílẹ́ẹ̀tì infection nìyẹn, tọ́ílẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì ni!

Nọ́ọ̀sì Kàdúná: Sístà, ẹ fi tọ́ílẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Kòkòrò inú ìfun èèyàn fúnra ẹ̀ ló sábà máa ń gba ọ̀nà ìtọ̀ gòkè dé àpò ìtọ̀. Ọ̀nà ìtọ̀ obìnrin ò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 4 lọ, ti ọkùnrin tó 20, ìdí nìyẹn tó fi ń tètè mú wa. Tẹ́ ẹ bá nu ara yín, iwájú sí ẹ̀yìn ni o. Ìyá Ìbejì, ẹ lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì ìtọ̀ lónìí. Tí ẹ̀yìn bá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn yín tí ara gbóná tàbí tẹ́ ẹ̀ ń bì, ẹ má dúró dọ̀la rárá.

Alhaji Minna: Tiwa gùn lóòótọ́, kí ló wá dé tí mò ń jí lẹ́ẹ̀mẹrin lóru?

Nọ́ọ̀sì Kàdúná: Alhaji, pròsítéètì, ẹ̀yà ara kan tí ọkùnrin ní lábẹ́ àpò ìtọ̀, ló yí ọ̀nà yẹn ká, tí ọjọ́ orí bá ń lọ ó lè wú kó fún un pa. Ó sì lè jẹ́ ṣúgà. Ẹ lọ rí dókítà.

Ìyá Ìbejì Maraba: Ẹ ṣé o. Infection ni wọ́n rí, wọ́n ti fún mi lóògùn. Ìyá ọ́fíìsì ò kí mi mọ́ láti àná, àṣé òun gan-an ló ń ta àgbo yẹn 😂