Ọkùnrin ni mí, mo fẹ́ mọ bí a ṣe ń fi bàtà gogoro rìn: ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àrẹ̀mú Lọ́ńdọ̀nù béèrè pé:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi àti ẹ̀yin àbúrò mi nínú ẹgbẹ́ yìí, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọkùnrin ni mí, mo ti lé ní ogójì ọdún, ó sì ti pẹ́ tí mo ti máa ń wọ aṣọ obìnrin. Ìyàwó mi mọ̀ sí i, òun gan-an ló kọ́ mi bí a ṣe ń wé gèlè, Àbẹ̀kẹ́ sì ni òun àti àwọn ọ̀rẹ́ wa tímọ́tímọ́ ń pè mí nígbà tí mo bá múra bẹ́ẹ̀. Ìró kì í tú mọ́ mi nídìí mọ́, wíìgì kò sì nira fún mi, ṣùgbọ́n bàtà gogoro kò tíì gbà fún mi rárá.

Ọ̀rẹ́ wa kan yóò ṣe ayẹyẹ àádọ́ta ọdún rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù méjì sí ìsinsìnyí. Gbogbo ẹni tó ń bọ̀ níbẹ̀ ló mọ Àbẹ̀kẹ́, mo sì fẹ́ wọ bàtà tó bá aṣọ ẹbí mu, kí n rìn wọlé, kí n kí àwọn àgbà bó ṣe yẹ, kí n sì jó níwájú olórin láìdi ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mú. Bàtà tí mo rà ga tó sẹ̀ǹtímítà 10, gìgísẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín, nọ́ńbà rẹ̀ sì jẹ́ 43, nítorí pé ilé ìtajà náà kò ní 44 tí mo máa ń wọ̀. Bí mo bá dìde nínú rẹ̀, gbogbo ìka ẹsẹ̀ mi á wọ́ jọ síwájú, orúnkún mi á tẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ mi á sì máa gbọ̀n. Mo wúwo tó kílò 95. Ṣé ẹsẹ̀ ọkùnrin ni kò gbà á ni, àbí bàtà náà ni kò dára? Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ọ̀rọ̀ yìí jẹ mí lọ́kàn gan-an, nítorí náà mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ṣúmékà Northampton dáhùn pé:

Ẹ̀gbọ́n Àbẹ̀kẹ́, ẹsẹ̀ yín kò ní àbùkù kankan. Bàtà yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé sí ẹ̀gbẹ́ kan. Iṣẹ́ bàtà ni mo ń ṣe ní ìlú tí wọ́n ti ń rán bàtà láti ayébáyé yìí, ohun tí mo sì máa ń sọ fún gbogbo ọkùnrin tó bá wá bá mi nítorí bàtà obìnrin ni pé nọ́ńbà nìkan kò tó. Nọ́ńbà ilẹ̀ Yúróòpù kò yàtọ̀ láàárín ọkùnrin àti obìnrin, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà kò sì yàtọ̀. Ti Amẹ́ríkà ló yàtọ̀, nítorí pé nọ́ńbà obìnrin níbẹ̀ máa ń fi nǹkan bí ọ̀kan ààbọ̀ ju ti ọkùnrin lọ. Ṣùgbọ́n kódà bí nọ́ńbà bá bára mu, bàtà obìnrin máa ń há ju ti ọkùnrin lọ ní ẹ̀gbẹ́, nítorí náà ẹ wá èyí tí wọ́n kọ E tàbí EE sí lára, tó fi hàn pé ó fẹ̀.

Ẹ wọn ẹsẹ̀ yín ní ìrọ̀lẹ́, nítorí pé ẹsẹ̀ máa ń wú díẹ̀ bí ọjọ́ bá ti ń lọ. Ẹ dúró lórí ìwé, kí ìyàwó yín fi bírò yí ẹsẹ̀ méjèèjì ká, èyí tó bá gùn jù ni kí ẹ fi ra bàtà. Bàtà tó kéré máa ń ká ìka jọ. Èyí tó tóbi jù a sì máa jẹ́ kí ẹsẹ̀ yọ́ lọ síwájú, tí ènìyàn á wá máa fi ìka di bàtà mú bó ti ń rìn, tí orúnkún rẹ̀ kò sì ní lè nà.

Ní ti kílò 95, ẹ fetí sí mi dáadáa. Nínú ìtẹ́lẹ̀ bàtà gíga, irin pẹlẹbẹ kan máa ń wà tí ó ń gbé àárín ẹsẹ̀ dúró, láti gìgísẹ̀ títí dé ìtòsí ìka. Bí irin yìí kò bá lágbára, gìgísẹ̀ bàtà á máa yẹ̀ bí ẹni tó wúwo bá ti tẹ̀ ẹ́, kò sì sí bí onítọ̀hún ṣe lè mọ̀ ọ́n rìn tó tí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní gbọ̀n. Ní àwọn ọdún 1990, nígbà tí ọjà bàtà ọkùnrin kò yá mọ́, ilé iṣẹ́ ìdílé kan ní Earls Barton, abúlé tí kò jìnnà sí wa níbí, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàtà obìnrin tó lágbára tó láti gbé ìwúwo ọkùnrin, ó sì rí oníbàárà. Ẹ kò dá nìkan wà. Ẹ ra èyí tí gìgísẹ̀ rẹ̀ fẹ̀, tí kò ga ju sẹ̀ǹtímítà 5 tàbí 6 lọ, tí ó sì ní okùn tí a ń dè mọ́ ọrùn ẹsẹ̀. Ẹ gbé e ka orí tábìlì, kí ẹ fi ọwọ́ ti gìgísẹ̀ rẹ̀ wò; bí ó bá mì, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á.

Ẹsẹ̀ gígùn tilẹ̀ ní àǹfààní kan tí àwọn ènìyàn kì í rò. Ẹsẹ̀ tó ń wọ 44 gùn tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 28, èyí tó ń wọ 37 kò sì ju nǹkan bí 23 àti ààbọ̀ lọ, nítorí náà gìgísẹ̀ kan náà kò ní da ẹsẹ̀ yín síwájú tó bí yóò ti da ti obìnrin kékeré. Bí ìtẹ́lẹ̀ iwájú bá sì nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 3, bàtà oní-10 kò ní ju 7 lọ lábẹ́ ẹsẹ̀.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì dáhùn pé:

Ẹ ṣeun, Ṣúmékà. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ara kún un. Bí gìgísẹ̀ bá ti gòkè, ìwúwo ara á kúrò lẹ́yìn ẹsẹ̀, á bọ́ sórí ibi tó sanra lábẹ́ ìka, iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ á sì kúrú. Nínú ẹni tó ti ń wọ̀ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, iṣan náà lè kúrú pátápátá débi pé bàtà pẹlẹbẹ gan-an á máa dùn ún. Nítorí náà, lẹ́yìn tí ẹ bá ti bọ́ bàtà, ẹ dúró níwájú ògiri, ẹ fi ọwọ́ tì í, kí ẹ na ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn pẹ̀lú gìgísẹ̀ nílẹ̀ fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá 30, kí ẹ sì ṣe èkejì bẹ́ẹ̀. Kí ọrùn ẹsẹ̀ lè lágbára, ẹ máa fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo dúró nígbà tí ẹ bá ń fọ eyín, kí ẹ sì máa gbé gìgísẹ̀ sókè sódò lórí ìpele àkọ́kọ́ àtẹ̀gùn, pẹ̀lú ọwọ́ lára irin ìdìmú. Iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn máa ń fojú di ni èyí, òun ló sì ń gbà wọ́n lọ́wọ́ kí ẹsẹ̀ má rọ́.

Ẹ má ṣe wọ̀ ọ́ pẹ́ jù ní ìbẹ̀rẹ̀: ìdajì wákàtí lójúmọ́ ti tó. Bí ìka bá ń kú tàbí tí ó ń ta, ẹ bọ́ ọ lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá ní àtọ̀gbẹ, ẹ bá dókítà yín sọ̀rọ̀ ná, nítorí pé àtọ̀gbẹ lè mú kí ẹsẹ̀ má mọ ìrora mọ́, kí bàtà ti bó o, kí egbò sì ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹni tó ni ín tó mọ̀.

Àṣàkẹ́ Àgbà dáhùn pé:

Àbúrò mi Àbẹ̀kẹ́, ọkùnrin ni èmi náà, mo sì ti ń wọ bàtà yìí láti ìgbà èwe mi. Ohun tó ń yọ àwa ọkùnrin lẹ́nu jù ni ìrìn tí wọ́n fi tọ́ wa dàgbà. Ẹni tó ń wọ ṣòkòtò láti kékeré máa ń ju ẹsẹ̀ síwájú, á gbé ẹsẹ̀ gígùn, á sì fi gìgísẹ̀ gbá ilẹ̀. Bàtà gogoro kò gba ìrìn bẹ́ẹ̀. Má ṣe wọ ṣòkòtò kọ́ ọ. Ró ìró rẹ kí ó dé kókósẹ̀, kí o so ó le dáadáa, lẹ́yìn náà ni kí o tó wọ bàtà, nítorí pé ìró fúnra rẹ̀ á gé ìgbésẹ̀ rẹ kúrú, kò sì ní jẹ́ kí o sáré.

Dúró ṣinṣin kí o tó rìn. Gbé àyà sókè, jẹ́ kí èjìká sinmi sẹ́yìn, fa ikùn wọlé díẹ̀, kí o wo iwájú, má ṣe wo ẹsẹ̀. Jẹ́ kí orúnkún nà, ṣùgbọ́n má ṣe jẹ́ kí ó gan. Jẹ́ kí gìgísẹ̀ kan ilẹ̀ pẹ̀lẹ́, kí iwájú bàtà sì tẹ̀lé e kíákíá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ń fi ìka tẹlẹ̀ kó tó kan gìgísẹ̀ á máa rìn bí ẹni tó ń yọ́ kẹ́lẹ́ wọlé. Jẹ́ kí ẹsẹ̀ méjèèjì máa tẹ̀lé ara wọn bí ẹni tó ń rìn lórí ìlà kan, ìbàdí á sì máa mì fúnra rẹ̀. Èyí ni mo fẹ́ tẹnu mọ́: má ṣe mọ̀ọ́mọ̀ ju ìdí. Mo ti rí àwọn kan tí ìrìn wọn dà bí ìgbà tí ènìyàn ń sín obìnrin jẹ, inú mi kì í sì í dùn sí i, nítorí pé àwọn ìyá wa kì í rìn bẹ́ẹ̀. Ìyá tó wọ aṣọ òkè lọ sí òde máa ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́, pẹ̀lú ẹ̀yẹ.

Etí rẹ á kọ́ ọ ju dígí lọ. Rìn lórí ilẹ̀ líle nínú ilé, kí o sì gbọ́ ìró bàtà. Bí ó bá ń dún kó, kó, kó, tí ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ti òsì bá ara wọn mu, ìrìn náà ti ń bọ̀ sípò. Bí ó bá ń dún gbì, o ń ju ara sílẹ̀ ni. Bí ó bá sì ń wọ́ ṣàà, bàtà ti tóbi jù, tàbí kí ó ti rẹ̀ ọ́. Bó o bá ti mọ ilẹ̀ líle tán, bọ́ sórí kápẹ́ẹ̀tì tó nípọn, èyí tó nira jù nítorí pé ó ń gbé gìgísẹ̀ mì, kí o tó jáde síta. Bó o bá fẹ́ yípadà, má ṣe fi gìgísẹ̀ kan yí. Gbé ìgbésẹ̀ kéékèèké mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bó o bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, fi ẹ̀gbẹ́ ara sọ̀, pẹ̀lú ọwọ́ lára irin. Ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, yẹra fún àtẹ̀gùn tó ń gbéni rìn bí gìgísẹ̀ rẹ bá tín-ín-rín, nítorí pé ó máa ń há sínú àwọn ojú ìlà rẹ̀.

Ìyá Ìbejì Peckham dáhùn pé:

Gbogbo ohun tí Àṣàkẹ́ sọ ló dára, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀ nípa ìkúnlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ sọ pé ẹ fẹ́ kí àwọn àgbà bó ṣe yẹ. Bí Àbẹ̀kẹ́ bá wọlé sí àríyá Yorùbá, kò ní dọ̀bálẹ̀, yóò kúnlẹ̀. Nínú bàtà gíga, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú àwa obìnrin náà ti máa ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Ẹ fa ẹsẹ̀ ọ̀tún sẹ́yìn díẹ̀, ẹ fi ọwọ́ òsì gbá iwájú ìró mú kí bàtà má tẹ̀ ẹ́, ẹ jẹ́ kí ẹ̀yìn yín nà gbọnrangandan, kí ẹ sì rọra sọ orúnkún ọ̀tún kalẹ̀. Bí ẹni tí ẹ ń kí bá jẹ́ ìyá àgbà, kí orúnkún òsì tẹ̀lé e. Nígbà tí ẹ bá ń dìde, ẹ kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ òsì síwájú kí ó dúró lórí ilẹ̀ pátápátá, kí ẹ fi itan tì í dìde; ẹ má ṣe fi ẹsẹ̀ méjèèjì dìde lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé gìgísẹ̀ á tẹ ìró lẹ́yìn, á sì tú u. Ẹ fi èyí dánra wò nílé pẹ̀lú ìró tí ẹ máa ró gan-an, nítorí pé léèsì máa ń yọ̀ ju àǹkárá lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn dáhùn pé:

Ẹ̀gbọ́n, mo rí i pé ẹ ń bẹ̀ wá kí a má fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ọkùnrin ló kọ́kọ́ wọ bàtà onígìgísẹ̀ ní ilẹ̀ Páṣíà, àwọn ẹlẹ́ṣin ogun, kí ẹsẹ̀ wọn lè dúró nínú irin ìfẹsẹ̀sí nígbà tí wọ́n bá ń ta ọfà. Nínú àwòrán Louis Kẹrìnlá ọba Faransé tí Hyacinthe Rigaud yà ní 1701, gìgísẹ̀ bàtà ọba náà pupa fòò. Ní ilẹ̀ wa, ọkùnrin ló ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, pẹ̀lú gèlè, ọmú àti ìdí tí wọ́n dì mọ́ra, láti fi bu ọlá fún àwọn ìyá. Ọkùnrin tó jẹ́ ẹlẹ́gùn Ṣàngó sì máa ń dirun. Èmi kò sọ pé ohun kan náà ni gbogbo wọn pẹ̀lú èyí tí ẹ ń ṣe, ṣùgbọ́n kò sí ìdí tí ẹ fi ní láti tijú.

Àrẹ̀mú Lọ́ńdọ̀nù tún kọ̀wé pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti dá bàtà oní-10 padà, mo sì ti rí èyí tó ga ní 6, gìgísẹ̀ rẹ̀ fẹ̀, wọ́n kọ EE sí i, orúnkún mi sì nà nínú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìkúnlẹ̀ tí Ìyá Ìbejì sọ kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn tẹ́lẹ̀, òun ni èmi àti ìyàwó mi yóò kọ́kọ́ fi dánra wò. Ìbéèrè kan ló kù: báwo ni mo ṣe máa jó?

Àṣàkẹ́ Àgbà dáhùn pé:

Má ṣe jó bí ọkùnrin tó ń gbẹ́sẹ̀ sókè. Tẹ orúnkún díẹ̀, jẹ́ kí ìwúwo rẹ wà níwájú ẹsẹ̀, kí o sì fi èjìká, ọwọ́ àti ìbàdí jó níbi kan. Orin jùjú tó ń lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bá èyí mu ju èyí tó le lọ. Bí wọ́n bá ń ná ọ lówó, má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ṣà á, jẹ́ kí ìyàwó rẹ tàbí àwọn ọmọdé bá ọ kó o. Fi bàtà pẹlẹbẹ sínú báàgì fún ìgbà tó bá rẹ̀ ọ́. Bí rọ́bà abẹ́ gìgísẹ̀ bá sì ti jẹ tán nígbà tí o bá fi ń kọ́ ọ nílé, gbé e tọ ṣúmékà lọ kí ó pààrọ̀ rẹ̀ kí ọjọ́ òde tó pé, nítorí pé ìṣó tó bá yọ jáde máa ń yọ̀ lórí táìsì, ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn àríyá ní Lọ́ńdọ̀nù ló sì ní ilẹ̀ tó ń dán.