Báwo ni mo ṣe lè fi ẹ̀rù sínú eré láìpa ìtàn ẹbí lára?

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀wọ́, ìmọ̀ràn yín ni mo ń wá. Mo ń kọ eré àtìgbàdégbà kan fún tẹlifíṣọ̀n, nípa àwọn ọmọ ìyá tí ikú ìyá wọn tú ká, mo sì fẹ́ kí ó ba olùwòran lẹ́rù gidigidi. Àwòkọ́ṣe mi ni The Haunting of Hill House, eré alápá 10 tí Mike Flanagan darí, tí Netflix gbé jáde ní ọdún 2018. Ní apá kẹjọ rẹ̀, Shirley àti Theo ń bá ara wọn jà nínú ọkọ̀ lóru, ọ̀rọ̀ náà sì gbóná débi pé olùwòran ti gbàgbé ọ̀rọ̀ iwin pátápátá kí Nell, àbúrò wọn tí ó ti kú, tó yọ sí àárín wọn lójijì pẹ̀lú igbe. Lójú tèmi, ìjà yẹn gan-an ni ó fún igbe náà lágbára.

Nínú iṣẹ́ tèmi, gbàrà tí òkú bá ti yọjú ni ọ̀rọ̀ ẹbí máa ń dákẹ́. Ṣé kí n dín ìfarahàn òkú kù ni, àbí kí n so ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mọ́ àṣírí tí àwọn ọmọ náà ń fi pamọ́ fún ara wọn? Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ irú eré báyìí rí, kí ni ẹ kọ́kọ́ máa ń tò sílẹ̀, ìjà ni tàbí ẹ̀rù?