Ọ̀bẹ aṣeéká eléyín mámọ́ọ̀tì: kí la ó máa pè é?

Ọ̀bẹ kékeré àfọwọ́ṣe kan wà tó ṣeé ká, tí wọ́n ń fi eyín mámọ́ọ̀tì, ẹranko àtijọ́ tí wọ́n ń hú nínú ilẹ̀ dídì Siberia àti Alaska, ṣe èèkù rẹ̀. Àbá mẹ́ta ló wà nílẹ̀ lórí orúkọ rẹ̀: "ọ̀bẹ àpò eléyín-erin-àtijọ́", "ọ̀bẹ eléyín-òkúta", àti "ọ̀bẹ aṣeéká eléyín mámọ́ọ̀tì". Ẹ̀kẹta ni mo fara mọ́, bó tilẹ̀ gùn lẹ́nu.

"Eyín erin àtijọ́" ló dùn ún gbọ́ jù, òun náà ló sì léwu jù. Ìrọ́kẹ́ Ifá tí wọ́n gbẹ́ ní Ọ̀wọ̀ láti igba ọdún sẹ́yìn, eyín erin àtijọ́ nìyẹn náà. Erin gidi ni, kò sì gbọdọ̀ kọjá ààlà láìsí ìwé àṣẹ CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko tó wà nínú ewu. Mámọ́ọ̀tì, ìbátan erin ni, onírun gígùn. Èyí tó kù gbẹ̀yìn nínú wọn ti kú tán ní erékùṣù Wrangel ní nǹkan bí 4,000 ọdún sẹ́yìn. Kò sí lára àwọn ẹranko tí CITES kọ sílẹ̀ rárá. Síbẹ̀, òfin New York (2014) àti ti California (tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2016) ní Amẹ́ríkà ka eyín rẹ̀ mọ́ èyí tí wọ́n fòfin dè lọ́jà. Orúkọ tó bá da eyín méjèèjì pọ̀ lè kó ẹni tó rà á sí wàhálà lọ́dọ̀ àwọn aṣọ́bodè.

Ẹnì kan lè ní ojú á mọ̀ ọ́n. Lóòótọ́, bí a bá gé eyín ní ìbú, ìlà wínníwínní máa ń gba ara wọn kọjá nítòsí èèpo rẹ̀: igun ti mámọ́ọ̀tì kì í tó 90°, ti erin sábà máa ń ju 115° lọ. Ṣùgbọ́n òòró ni wọ́n ń la pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń ṣe èèkù ọ̀bẹ, ìlà wọ̀nyẹn kì í sì hàn níbẹ̀. Ohun tó kù fún olùrà kò ju orúkọ tí wọ́n kọ sára páálí lọ.

"Eyín-òkúta" ńkọ́? Kò tọ̀nà rárá. Òtútù ló pa á mọ́, kò di òkúta. Ó ṣì ń fa omi, ó ń gbẹ, ó sì ń sán. Omi ló kún inú rẹ̀ nígbà tí wọ́n hú u, nítorí náà wọ́n á gé e kó nípọn ju 3 mm tí wọ́n fẹ́ lò lọ, wọ́n á gbé e síbi tí oòrùn kò dé, wọ́n á máa wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n títí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi ní dín mọ́. Ẹni tó bá kánjú níbẹ̀, èèkù rẹ̀ á sán lẹ́yìn tó bá ti tà á tán. Bí wọ́n bá ń lọ̀ ọ́ tó sì ń rùn bí ìgbà tí oníṣègùn eyín bá ń gbẹ́ eyín, ó ti gbóná jù. Ihò ìṣó gbọ́dọ̀ fi díẹ̀ tóbi ju ìṣó lọ; bó bá há, bí òòlù bá ti ń tẹ orí ìṣó fẹ̀, eyín á là láti ihò dé etí. Súpà gúlúù tó ṣàn ni wọ́n fi ń dí ibi tó bá sán díẹ̀. Kí wọ́n bo imú o, eruku rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹ̀dọ̀fóró. Àwọ̀ búlúù tí àwọn èèyàn ń náwó lé lórí, ara èèpo ló sábà máa ń wà. Ẹni tó bá lọ̀ ọ́ jù ti lọ̀ owó dànù.

Ó ku "àpò". Ibi tí a ń fi ọ̀bẹ sí nìyẹn, kì í ṣe bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọ̀bẹ tó ní àkọ̀ náà lè wọ àpò. "Ọ̀bẹ ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́": nínú ọ̀bẹ aṣeéká, èèkù gan-an ni àkọ̀. Pẹlẹbẹ idẹ méjì ló wà nínú, eyín lẹ̀ mọ́ wọn níta, sípíríǹgì wà lẹ́yìn. Igun kékeré kan wà nídìí ẹnu ọ̀bẹ tó ń gúnlẹ̀ sórí sípíríǹgì náà bí a bá pa á dé. Bí wọ́n bá fi ayùn irin fá igun yẹn jù, ẹnu ọ̀bẹ á máa já lu sípíríǹgì, á sì kú.

Eyín walrus (ẹranko ńlá inú òkun tútù) tí wọ́n ń hú ní Alaska náà ń jáde lábẹ́ orúkọ "àtijọ́" yìí. Àárín tirẹ̀ rí kámakàma, kò sì bá erin tan. Kó ní orúkọ tirẹ̀ lọ́tọ̀.