PSA bàbá mi jẹ́ 7.8, ṣé jẹjẹrẹ ni?

Ọmọ Ìgbógbó: Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Bàbá mi, ẹni ọdún 67, ni ìtọ̀ ń jí ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lóru. Mo mú wọn lọ sí láàbù kan ní Ìkòròdú níbí. Èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní PSA jáde lánàá: 7.8, wọ́n kọ "H" (pé ó ga) gàdàgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó nawọ́ ìwé sí mi ò sọ nǹkan kan. Bàbá ti ká a sínú fìlà, oúnjẹ ò wọlé mọ́, wọ́n ti ń sọ bí a ó ṣe pín ilẹ̀ Ìjẹ̀dé. Ẹ gbà mí o.

Ìyá Ìbejì: Ẹ wá àgbo fún wọn. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi mu ún, ìtọ̀ là.

Nọ́ọ̀sì Ìkòròdú: Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, kí ìtọ̀ là ò sọ pé jẹjẹrẹ ò sí. Àbúrò, fara balẹ̀. Ẹṣẹ́ tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní prostate, ló ń tú PSA sínú ẹ̀jẹ̀. Bó bá kàn wú nítorí ọjọ́ orí, nọ́ńbà á gòkè. Bí kòkòrò bá wọ ojú ìtọ̀, á gòkè. Kódà bí bàbá bá bá ìyá sùn ní ọjọ́ méjì ṣáájú! Bí PSA bá wà láàárín 4 sí 10, nínú ọkùnrin 4, bí ẹnì 1 ni wọ́n ń bá jẹjẹrẹ lára rẹ̀. Àmọ́ ẹ má sùn lé e, àwa aláwọ̀ dúdú ló ń mú jù. Ẹ yẹ ìtọ̀ wò, kí wọ́n tún PSA ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ṣé wọ́n ń lo finasteride, òògùn prostate tó wú? Ó máa ń dín nọ́ńbà kù sí ìdajì.

Bàbá Àgbà: Ọmọ mi, tèmi jẹ́ 11. Dókítà ki ìka bọ̀ mí nídìí, kò pé ìṣẹ́jú kan, ìtìjú rẹ̀ ló pẹ́. Wọ́n yà mí ní MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, wọ́n fi abẹ́rẹ́ bu ẹran díẹ̀ níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ yẹn ló ń sọ òótọ́, kì í ṣe PSA. Wọ́n rí jẹjẹrẹ, Gleason 6 ni; Gleason ni nọ́ńbà tí wọ́n fi ń mọ bó ṣe le tó, 6 ló kéré jù, 10 ló le jù. Wọn ò gé nǹkan kan lára mi, wọ́n kàn ń ṣọ́ ọ ni.

Ọmọ Ìgbógbó: Ẹ ṣé gan-an, sà, mà. Wọn ò lo òògùn kankan, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ ológeere ni wọ́n gùn lọ sí láàbù.

Nọ́ọ̀sì Ìkòròdú: Kẹ̀kẹ́ lè gbé e sókè díẹ̀, kì í ṣe títí dé 7.8. Ẹ lọ sí jẹ́nẹ́rà ní Mọ́ńdè. Bí ẹ̀jẹ̀ bá bá ìtọ̀ jáde tàbí tó dí pátápátá, ẹ má dúró de Mọ́ńdè.

Ọmọ Ìgbógbó: Mo ti kà á fún wọn. Wọ́n ti ń jẹ ẹ̀bà. Wọ́n ní kí n bi Bàbá Àgbà pé ìka èwo.