Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ewé ẹ̀fọ́ mi tó ń pọ́n nínú omi ẹja
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dá mi lóhùn nígbà tí mo béèrè ìdí tí ewé ẹ̀fọ́ mi, tó ń mu omi tí mo fi ń sin ẹja, fi ń pọ́n bí ìyeyè, ẹ ṣé o. Ẹni tó ní kí n da fínígà sórí òkúta wẹ́wẹ́ inú bẹ́ẹ̀dì tí mo gbin ẹ̀fọ́ sí ló gbà á, ṣe ló ń hó ṣùù, àṣé òkúta ẹfun ni, òun ló gbé pH omi (ìwọ̀n bó ṣe kan sí; bó bá ṣe ń ga ni kíkan ń dín kù) dé 7.8 tí ewé ò fi rí áyọ́ọ̀nù (èròjà irin tó ń jẹ́ kí ewé tutù) fà. Mo kó gbogbo ẹ̀ dànù (ẹ̀yìn ṣì ń dùn mí), pH wálẹ̀ sí 6.8, mo wá fi áyọ́ọ̀nù DTPA (irin tí wọ́n so mọ́ èròjà kan kó lè máa yòrò nínú omi) sí i, mílígíráàmù 2 sí lítà kan. Ewé tuntun tutù yọ̀yọ̀, àwọn tó ti pọ́n ò padà. Dídín oúnjẹ ẹja kù tí mo tún dán wò ò ṣe nǹkankan, ebi lásán ni mo fi pa wọ́n. pH ló tún ń jábọ́ jù báyìí, potassium bicarbonate (iyọ̀ kan tó ń dín kíkan omi kù) díẹ̀díẹ̀ ni mo fi ń gbé e sókè.