“Kò fi bẹ́ẹ̀ rẹlẹ̀”: orúkọ wo ni ká fún ìwádìí abẹ ọrùn ilé-ọmọ?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni bí a ó ṣe pe irú ìwádìí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní noninferiority (tó ń wò bóyá ìtọ́jú tuntun kò burú ju ti tẹ́lẹ̀ kọjá ìwọ̀n tí a lè gbà mọ́ra) ní Yorùbá, nítorí ìwé ìlànà tí a fẹ́ kọ fún àwọn obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ. Ẹnìkan dá “ìwádìí ìbádọ́gba” lábàá. Ẹlòmíràn ní “àìjórẹ̀yìn” ló dùn jù létí. Èmi kò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà ń ṣe, ká má baà máa sọ ọmọ tí a kò tíì rí lórúkọ.

Tí jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ bá ṣì kéré, abẹ ni wọ́n sábà fi ń yọ ọ́. Èyí tó ti wà láti ìgbà pípẹ́ ni kí wọ́n yọ ilé-ọmọ pẹ̀lú ẹran tó dì í mú lọ́tùn-ún lósì, kí wọ́n sì gé díẹ̀ kún un lókè ojú ara, torí àrùn lè ti rá wọ àyíká láìjẹ́ pé ojú rí i. Àmọ́ inú ẹran àyíká yẹn gan-an ni àwọn iṣan tín-ín-rín tó ń jíṣẹ́ fún àpò ìtọ̀ gbà kọjá. Bí abẹ bá kàn wọ́n, ìtọ̀ lè máa jò láìjẹ́ pé obìnrin náà fẹ́ tọ̀, tàbí kó kọ̀ láti jáde.

Nítorí èyí ni àwọn oníwàádìí tí Kánádà ṣaájú wọn ṣe béèrè nínú ìwádìí SHAPE pé: bí kókó àrùn náà kò bá ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ, tí kò sì tíì wọnú ẹran jìn, ṣé a kò lè yọ ilé-ọmọ nìkan ká fi àyíká sílẹ̀? Obìnrin 700 ni wọ́n pín sí ọ̀wọ́ méjì. Èsì rẹ̀ jáde ní 2024.

Ẹ wo ìbéèrè yẹn dáadáa. Kò sẹ́ni tó ń retí pé yíyọ ilé-ọmọ nìkan yóò lé àrùn lọ ju yíyọ ọ́ pẹ̀lú àyíká lọ. Ohun tí wọ́n ń bi ara wọn ni pé: bó bá tilẹ̀ rẹlẹ̀ sí i, ṣé rírẹlẹ̀ náà kéré tó ohun tí èèyàn lè gbà mọ́ra nítorí ìrọ̀rùn tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀? Wọn kò sì fi “kéré tó” yẹn sílẹ̀ fún ojú àánú. Wọ́n fi nọ́ńbà sí i kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀: nínú ọ̀wọ́ tí wọ́n yọ ilé-ọmọ nìkan, àwọn tí àrùn tún yọ lára wọn ní agbègbè ìbàdí láàárín ọdún 3 kò gbọ́dọ̀ fi tó èèyàn 4 lórí 100 pọ̀ ju ti ọ̀wọ́ kejì lọ.

Nígbà tí wọ́n kà á, 2.17 lórí 100 ni ti àwọn tí wọ́n yọ àyíká mọ́ ọn, 2.52 ni ti àwọn tí wọ́n yọ ilé-ọmọ nìkan. Ìyàtọ̀ jẹ́ 0.35. Ibí yìí ni àwọn òǹkọ̀wé ìròyìn ti máa ń ṣì í: kì í ṣe 0.35 ni wọ́n fi wé 4. Èèyàn 700 kọ́ ni gbogbo obìnrin ayé, nítorí náà wọ́n ṣírò ibi tí ìyàtọ̀ náà lè gbòòrò dé bó bá jẹ́ pé oríire ló mú un kéré báyìí. Ó lè dé 2.32. Nítorí pé 2.32 náà kò kan 4 ni wọ́n ṣe ní ó yege.

Ó yá, ẹ gbé “ìbádọ́gba” lé e. Dọ́gba túmọ̀ sí pé kò sí ìyàtọ̀. Kò sẹ́ni tó fi ìyẹn hàn nínú SHAPE. Àlàfo wà, a kàn mọ̀ pé kò dé ibi tí a bẹ̀rù ni. Bí nọ́ọ̀sì bá wá sọ fún obìnrin pé “dọ́gba ni wọ́n”, irọ́ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ irọ́ aláàánú. Àléébù kejì rẹ̀ ni pé ojú méjì ni “kò dọ́gba” ní: ó lè jẹ́ pé ó sàn jù, ó sì lè jẹ́ pé ó burú jù. Ìwádìí yìí kò wo òkè rárá, ìsàlẹ̀ nìkan ló ń ṣọ́.

“Àìjórẹ̀yìn” sàn díẹ̀, ó kúkú mọ̀ pé ẹ̀yìn ni ewu wà. Ṣùgbọ́n ohun tó ń jó àjórẹ̀yìn ti wà níwájú rí kó tó padà. Ara rẹ̀ àtijọ́ la fi ń wé e. Ilé-ìwé lè jó àjórẹ̀yìn, ọrọ̀ ajé náà lè jó o. Abẹ tuntun kò ní àná kankan tí yóò jó kúrò nídìí rẹ̀, aládùúgbò rẹ̀ la fi ń wé e. Èyí tó tún burú ni pé “àìjórẹ̀yìn” kò gba ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo láyè, nígbà tó jẹ́ pé ìṣísẹ̀ díẹ̀ tí a gbà láyè ni gbogbo ìwádìí yìí dúró lé.

Yorùbá kúkú ti ní ohun tí a ń wá kiri, ojoojúmọ́ là ń sọ ọ́. Ọjà kò fi bẹ́ẹ̀ tà lónìí. Iṣu yìí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi. Ẹni tó ní ọjà kò fi bẹ́ẹ̀ tà kò sọ pé òun kò tà rárá. Ó fi àyè sílẹ̀, ẹni tó ń gbọ́ sì mọ̀ pé àyè wà níbẹ̀. Ẹ tún kíyè sí i pé inú “kò” ni “fi bẹ́ẹ̀” ń gbé. A kì í sọ pé “iṣu yìí fi bẹ́ẹ̀ tóbi”, àyàfi bó bá jẹ́ ìbéèrè. Ó wá bá ọ̀rọ̀ tiwa mu wẹ́kú: abẹ yìí kò fi bẹ́ẹ̀ rẹlẹ̀ sí tọ̀hún. Bí a bá sọ ọ́ di orúkọ, ó di àìfibẹ́ẹ̀rẹlẹ̀.

Wọn á ní ó gùn. Ṣé ó gùn ju àìgbọ́dọ̀máṣe lọ, tí ọmọ iléèwé ń kọ láìmí?

Àtakò tó lágbára jù ni pé “fi bẹ́ẹ̀” kò ní ìwọ̀n, nígbà tí ìwádìí ní nọ́ńbà. Òótọ́ ni. Nítorí náà, a kò gbọ́dọ̀ kọ àìfibẹ́ẹ̀rẹlẹ̀ láì sọ iye tí “bẹ́ẹ̀” jẹ́. Fún iye yẹn, mo fara mọ́ gbèdéke ju ààlà lọ. Ààlà máa ń wà láàárín oko méjì, ẹni méjì ló ni ín. Gbèdéke ni ohun tó bá ti kọjá, àwáwí ti tán. Gbogbo ẹni tó ti gbọ́ ìròyìn ìyanṣẹ́lódì rí ló mọ̀ ọ́n. Ó tún ní ìwà kan tó wúlò fún wa: ṣáájú ni wọ́n ń fún èèyàn ní gbèdéke. Èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kalẹ̀ lẹ́yìn tí èsì ti jáde, màgòmágó ni.

Ìwádìí LACC ló máa fi hàn yín pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kò tó. Òun ló fi abẹ ojú-ihò (tí wọ́n ń gba ihò kéékèèké lára ikùn ṣe) wé abẹ ìlàkùn (tí wọ́n ń la ikùn ṣe) fún jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ tó ṣì wà ní ìbẹ̀rẹ̀, méjèèjì sì ń yọ ẹran àyíká. Gbèdéke rẹ̀ jẹ́ 7.2 lórí 100. Obìnrin 740 ni wọ́n fẹ́ gbà, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ ààbò ní kí wọ́n dáwọ́ dúró nígbà tó ku díẹ̀. 631 ni wọ́n rí gbà. Ní ọdún 4 àti ààbọ̀, 96.5 lórí 100 nínú àwọn abẹ ìlàkùn ló wà láàyè láìsí àrùn, 86.0 ni ti ojú-ihò. Ọdún 2018 ni èsì náà jáde, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ sì padà sí ìlàkùn.

Báwo la ṣe máa sọ èsì yẹn? “Kò yege” nìkan kò tó. Ìwádìí lè má yege nítorí pé èèyàn inú rẹ̀ kéré, tí ìyàtọ̀ náà sì fẹ̀ débi pé ó kan gbèdéke lápá kan, ó kan òfo, ìyẹn àìsí ìyàtọ̀ kankan, lápá kejì. Nígbà náà a kò tíì mọ nǹkan kan. LACC kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ tirẹ̀, bó bá kéré tán, 4.7 ni, bó bá pọ̀ jù, 16.4. Kò kan òfo níbì kankan. Nítorí náà, gbólóhùn mẹ́ta la nílò: ó yege; kò yege, a kò sì tíì mọ̀; kò yege, ó rẹlẹ̀ ní tòótọ́. Ẹni tó bá da ìkejì pọ̀ mọ́ ìkẹta yóò lé àwọn èèyàn sá fún ìtọ́jú tí kò tíì jẹ̀bi ẹ̀sùn kankan.

(Ìdí tí ojú-ihò fi rẹlẹ̀, LACC kò fi í hàn. Àwọn oníṣègùn ń fura sí irin tí wọ́n fi ń ti ilé-ọmọ láti ìsàlẹ̀, sí afẹ́fẹ́ tí wọ́n fẹ́ sínú ikùn, àti sí gígé ojú ara láti inú tó lè jẹ́ kí àrùn dà sílẹ̀.)

Ẹni tó kọ “abẹ ihò kọ́kọ́rọ́” fún ojú-ihò, ẹ jọ̀ọ́, Gẹ̀ẹ́sì ni ìyẹn (keyhole), ó kàn wọ bùbá ni.

Ó ku orúkọ abẹ méjèèjì inú SHAPE. Wọ́n ti dá “abẹ rírọrùn” àti “abẹ tigbòǹgbò-tigbòǹgbò” lábàá. Mo rí ibi tí gbòǹgbò ti wá, orúkọ Látìn abẹ náà ló gbé e wá, etí wa sì fẹ́ràn kí a fa àrùn tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Ìyẹn gan-an ni wàhálà rẹ̀. Obìnrin wo ni yóò gbọ́ pé abẹ kan ń hú gbòǹgbò, tí yóò wá mú èyí tí kì í hú u? A ti bá a dìbò kó tó lanu. “Rírọrùn” náà ń tan ni: ilé-ọmọ àti ọrùn rẹ̀ ló ń lọ pátápátá, wọ́n á kun obìnrin náà lóorun, kò sì ní bímọ mọ́. Ẹ jẹ́ ká pe ohun tí wọ́n ń yọ: yíyọ ilé-ọmọ nìkan, àti yíyọ ilé-ọmọ tàyíká-tàyíká.

Nípa ìpín sí ọ̀wọ́: ọ̀wọ́ ni, ẹ má kọ “apá”, kí aláìsàn má baà máa wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ṣíṣẹ́ gègé ni wọ́n fi pín wọn. “Ìbò” ti di ti olóṣèlú, babaláwo náà sì ní tirẹ̀. “Kèké” ìbá dára, àfi pé bí àmì bá ti yọ lórí fóònù, kẹ̀kẹ́ NAPEP lèèyàn máa kà.

Ẹ tún ṣọ́ra fún “ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún”. Bí ẹnìkan bá kà á sí ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún ti 2.17, kò tó 0.1, SHAPE yóò sì ti kùnà lójú rẹ̀. “Èèyàn 4 lórí 100” kò ní ìtumọ̀ méjì.

Bí mo ṣe máa kọ ọ́ sínú ìwé náà nìyí, ẹ bá mi tú u palẹ̀:

“Fún obìnrin tí kókó àrùn rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ tí kò sì wọnú jìn, yíyọ ilé-ọmọ nìkan kò fi bẹ́ẹ̀ rẹlẹ̀ sí yíyọ ọ́ tàyíká-tàyíká. Lẹ́yìn ọdún 3, bí èèyàn 2 sí 3 lórí 100 ni àrùn tún yọ lára wọn ní agbègbè ìbàdí, ní ọ̀wọ́ méjèèjì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4, ìtọ̀ ń jò lára bí 5 lórí 100 nínú àwọn tí wọ́n yọ ilé-ọmọ nìkan, àti lára 11 nínú àwọn tàyíká-tàyíká. Àwọn tí ìtọ̀ kọ̀ láti jáde fún kò tó ẹyọ kan lórí 100 ní ọ̀wọ́ kìíní. Ní ìkejì, wọ́n tó bí 10.”

Mo fi “àìfibẹ́ẹ̀rẹlẹ̀” sí àkọlé ìwé nìkan. Nínú gbólóhùn tí aláìsàn máa kà, “kò fi bẹ́ẹ̀ rẹlẹ̀” ti tó. Ohun tí ń kò tíì rí ojútùú rẹ̀ ni “tún yọ”: ẹni tó bá kà á kíákíá lè rò pé abẹ ni wọ́n tún fi yọ nǹkan. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀-ìṣe tó sàn ju “sọjí” lọ láti fi rọ́pò rẹ̀, kó mú un wá.